Ìdí tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò fi ní mitochondria, àti ohun tí ó túmọ̀ sí fún ìlera

Àwọn kókó pàtàkì

• Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ènìyàn tí ó ti dàgbà kò ní núkílíọ́sì, kò sì ní mitochondria. Èyí kì í ṣe àìsàn. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.
• Nítorí pé kò ní mitochondria, kì í lo ọ́síjìn tí ó ń gbé kiri. Glúkóòsì ni ó gbára lé fún agbára.
• Kò lè ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun, kò sì lè tún ara rẹ̀ dá. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni ó ń lò láyé.
• Ẹ́ńsáìmù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G6PD ni ó ń dáàbò bò ó. Àwọn tí ẹ́ńsáìmù yìí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lé ní 400 mílíọ̀nù lágbàáyé, wọ́n sì wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ibà ti ń jà, títí kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.
• Àwọn oògùn kan àti káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.
• Ìtọ̀ tí ó dúdú, ojú tí ó di àwọ̀ ìyeyè àti àárẹ̀ òjijì lẹ́yìn lílo oògùn jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì.

Àkópọ̀

Adjamé wà ní àríwá Plateau nínú ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Àwọn ọjà ńlá àti ibùdókọ̀ rẹ̀ ń kó èrò jọ láti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà lára wọn, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìrìn àjò wọn sí Abidjan ti di àṣà láti ìran dé ìran. Ní apá kan ọjà Adjamé tí a ń pè ní Roxy, ó ti pẹ́ tí a ti ń ta oògùn lórí àtẹ, bí ìjọba tilẹ̀ ń kó àwọn oògùn náà léraléra. Ẹni tí ó bá ra oògùn lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lè gba hóró mẹ́rin nínú ọ̀rá, láìsí páálí, láìsí ìwé ìlò, láìsí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì. Oògùn kan náà tí ó wo aládùúgbò sàn lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti lóye ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kí a sì mọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ mitochondria?

Mitochondria wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ara. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ààrò nínú ilé. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn jó oúnjẹ kí ó lè rí agbára tí a ń pè ní ATP. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ní mitochondria lè rí nǹkan bí 30 ATP láti ara mólékù glúkóòsì kan. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní in yóò rí 2 péré. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀yà ara tí kì í sinmi, bí ọkàn, fi kún fún mitochondria.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe ń pàdánù mitochondria rẹ̀?

Kì í ṣe pé kò ní in rí. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní núkílíọ́sì, ó sì ní mitochondria. Kò sì lè ṣe aláìní wọn ní àkókò yẹn, nítorí inú mitochondria ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí iṣẹ́ ṣíṣe híìmù ti ń wáyé. Híìmù ni apá tí ó di irin mú nínú haemoglobin, èròjà pupa tí ń gbé ọ́síjìn.

Nígbà tí haemoglobin bá ti ń pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì náà a ti núkílíọ́sì rẹ̀ jáde. Ohun tí ó kù ni ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní retikulosáìtì. Òun ni ó ń jáde láti inú egungun wá sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mitochondria díẹ̀ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, yóò palẹ̀ wọn mọ́ pátápátá. Purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NIX ni ó ń sàmì sí àwọn mitochondria náà, kí sẹ́ẹ̀lì lè yí wọn ká, kí ó sì dà wọ́n bí oúnjẹ. Ní ọdún 2007 àti 2008, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé bí a bá yọ NIX kúrò lára eku, mitochondria yóò kù sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì yóò pẹ́ láyé, ẹ̀jẹ̀ eku náà kì yóò sì tó.

A lè fi ọ̀ràn náà wé ilé kíkọ́. Pákó àti ọ̀pá tí àwọn bírìkìlà ń dúró lé kò ṣeé mú kúrò nígbà tí ògiri ń lọ sókè. Bí ilé bá parí tí a kò bá kó wọn kúrò, wọn yóò di ìdíwọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún ara?

Èrè àkọ́kọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì náà kì í jẹ nínú ẹrù tí ó ń rù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ní nǹkan bí 270 mílíọ̀nù mólékù haemoglobin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé mólékù ọ́síjìn 4. Bí ààrò bá ń jó nínú sẹ́ẹ̀lì náà, yóò máa lo ọ́síjìn yìí lójú ọ̀nà. Nítorí pé kò ní mitochondria, ohun tí ó gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbé dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ, ọkàn, iṣan àti ọmọ inú aboyún.

Èrè kejì ni àyè. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kó núkílíọ́sì àti àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ dànù ní àyè púpọ̀ fún haemoglobin. Ó tún rọ̀, ó sì ṣeé tẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí míkírómítà 7 sí 8, síbẹ̀ ó ń ká ara rẹ̀ kò kí ó lè gba inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré jù ú lọ kọjá.

Èrè kẹta ni ààbò. Bí mitochondria ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tú àwọn èròjà ọ́síjìn tí ó lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ sílẹ̀. Nínú àpò tí ó kún fún irin àti ọ́síjìn, irú èròjà bẹ́ẹ̀ léwu gan-an.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn rárá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa adìyẹ ní núkílíọ́sì, ó sì ní mitochondria tí ń ṣiṣẹ́. Ti ẹja àti ti ọ̀pọ̀lọ́ náà ní núkílíọ́sì. Ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń gbé ọ́síjìn. Àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ni wọ́n gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀, ènìyàn sì wà lára wọn. Ọ̀nà náà ní èrè, ó sì ní ohun tí a ń san lé e.

Kí ni ara ń san fún èrè yìí?

Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ààrò gbọ́dọ̀ gbé lórí ìwọ̀nba. Glúkóòsì ni oúnjẹ rẹ̀, ATP méjì-méjì ni ó ń rí nínú rẹ̀, èròjà kíkan tí a ń pè ní lakitéètì ni ó sì ń ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ṣúgà sínú omi tí ó wà nínú àpò ẹ̀jẹ̀ tí a fà lára olùfisílẹ̀. Ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 6, ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà fún ọjọ́ 35 tàbí 42, ní ìbámu pẹ̀lú irú omi tí a lò. Lẹ́yìn ìgbà náà a kò gbọdọ̀ fà á sí ẹnikẹ́ni lára. Bákan náà ni ó rí ní ilé ìfowópamọ́ ẹ̀jẹ̀ ní Èkó, àti ní Centre National de Transfusion Sanguine ní Treichville, nítorí pé ẹ̀dá sẹ́ẹ̀lì náà ni ó fà á.

Ohun kejì tí ara ń san ni pé sẹ́ẹ̀lì náà kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Láìsí núkílíọ́sì, kò ní ìlànà tí yóò fi ṣe purotéènì tuntun. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ó kó wá láti inú egungun ni yóò lò títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, agbára wọn sì ń dínkù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ó bá pé nǹkan bí 120 ọjọ́, ara yóò kó o kúrò, yóò sì tún irin inú rẹ̀ lò.

Kí ni àìtó G6PD?

Irin tí ó wà níbi tí afẹ́fẹ́ wà yóò dógùn-ún bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbé irin àti ọ́síjìn pọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ó nílò ohun tí yóò máa dènà ìbàjẹ́. Ohun náà ni èròjà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NADPH. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní ọ̀nà púpọ̀ láti ṣe é, mitochondria sì wà lára àwọn ọ̀nà náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ní, ẹ́ńsáìmù G6PD ni ó sì ń ṣí ọ̀nà yẹn. Bí ẹ́ńsáìmù yìí kò bá tó, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí sẹ́ẹ̀lì lè gbà.

Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni àìtó G6PD ti ń wá. Orí kúrómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà. Ọmọkùnrin ní X kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ó bá gba jíìnì náà, àìtó náà yóò hàn lára rẹ̀. Ọmọbìnrin ní X méjì, nítorí náà ó lè jẹ́ ẹni tí ó kàn ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan náà máa ń ní ìṣòro. Kì í ṣe ẹ̀bi òbí kankan. Jíìnì náà pọ̀ ní ilẹ̀ wa nítorí pé ó ń fún àwọn tí ó ní in ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà líle.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àìtó G6PD kì í mọ̀. Ara wọn a máa yá títí di ọjọ́ tí wọn yóò bá ohun kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gbà pàdé.

Àwọn ohun wo ni ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn?

• Primaquine àti tafenoquine, àwọn oògùn ibà. Ìwọ̀n kékeré primaquine tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti ọjọ́ 14, èyí tí ó béèrè àyẹ̀wò ṣáájú. Tafenoquine kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni láìṣe àyẹ̀wò G6PD.
• Dapsone, tí a fi ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn.
• Nitrofurantoin, tí a fi ń tọ́jú àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀.
• Methylene blue, àti rasburicase tí a ń lò fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ kan.
• Naftalínì, ìyẹn hóró funfun olóòórùn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní káńfọ̀, tí a ń fi lé kòkòrò kúrò láàárín aṣọ.
• Àkóràn líle, kódà láìsí oògùn kankan.

Ọ̀ràn yìí ti yí ìtàn oògùn ibà padà nígbà méjì. Ní ọdún 1956, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé àìtó G6PD ni ó fà á tí primaquine fi ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ní ọdún 2008, a kó oògùn kan tí a pèsè fún Áfíríkà, tí a fi chlorproguanil àti dapsone ṣe, kúrò lọ́jà nítorí pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò tó dínkù. Àwọn oògùn ibà alápapọ̀ tí a fi atẹmisínì ṣe, tí ilé ìwòsàn ń fúnni lónìí, ṣeé lò fún wọn.

Kí ni ó dé tí ọmọ tuntun fi wà nínú ewu?

Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa bá fọ́, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí a ń pè ní bilirubin yóò jáde. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀. Bí bilirubin bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ, ó sì lè fa adití, àìlè rìn dáadáa tàbí ikú.

Ó jẹ́ àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé láti tọ́jú aṣọ ọmọ àkọ́bí sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, kí a sì kó o jáde fún àbúrò rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n òórùn káńfọ̀ tí ó wà lára aṣọ àti ìdìgbà tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Fífọ aṣọ náà kò mú ewu kúrò pátápátá. Ohun tí ó dára jù ni kí a má fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ rárá.

Bí ojú ọmọ bá di àwọ̀ ìyeyè, kí a má gbé e sínú oòrùn òwúrọ̀ kí a máa retí. Ilé ìwòsàn ní iná pàtàkì tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ bí ọ̀ràn bá le.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a sáré sí

• Ìtọ̀ tí ó dúdú bí tíì líle tàbí bí omi kóòlà.
• Funfun ẹyinjú tí ó di àwọ̀ ìyeyè.
• Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ètè tí ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
• Àárẹ̀, òòyì, mímí gúle-gúle tàbí ọkàn tí ń lù kíkankíkan.
• Ọmọ tuntun tí kò mu ọmú dáadáa, tí ó ń sùn ju bí ó ti yẹ, tàbí tí igbe rẹ̀ yí padà.

Àwọn àmì yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí a lo oògùn náà. Àwọn àgbà sẹ́ẹ̀lì ni ó ń kọ́kọ́ fọ́, nítorí pé G6PD inú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí a dá oògùn tí a fura sí dúró, kí a sì gbé páálí tàbí hóró tí ó ṣẹ́kù lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni a ó ti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, tí a ó sì máa ṣọ́ kíndìnrín. Àwọn kan yóò nílò kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Bí egungun bá ti ń tú ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì jáde, ọ̀pọ̀ yóò bọ̀ sípò.

Kí ni òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe?

Kí ó béèrè ní èdè tí aláìsàn gbọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìdá a lẹ́bi. Àwọn ìbéèrè bí ìwọ̀nyí yóò ràn án lọ́wọ́:

“Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣé ẹ ti lo oògùn kankan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kódà èyí tí ẹ rà lọ́jà?”
“Ṣé káńfọ̀ wà nínú àpótí tí ẹ kó aṣọ ọmọ sí?”
“Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti tọ ìtọ̀ dúdú rí lẹ́yìn tí ó lo oògùn, tàbí kí ojú ọmọ yín kan ti pọ́n bí èyí nígbà tí ẹ bí i?”

Àyẹ̀wò G6PD lè tan òṣìṣẹ́ jẹ bí a bá ṣe é ní kété tí ẹ̀jẹ̀ fọ́. Àwọn àgbà sẹ́ẹ̀lì ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kù ní ẹ́ńsáìmù púpọ̀, èsì yóò sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára. Ó yẹ kí a tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Kí òṣìṣẹ́ má sì da àìtó G6PD pọ̀ mọ́ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ti ìkẹyìn yìí jẹ́ àṣìṣe nínú haemoglobin fúnra rẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí ti rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní in, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kan tí ó ti dàgbà ṣì ń gbé mitochondria kiri, èyí sì ń fi kún èròjà tí ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹnì kan lè ní àìsàn méjèèjì.

Kí ni aláìsàn àti ẹbí lè ṣe?

• Kí wọ́n ra oògùn ní ilé ìpoògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, nínú páálí rẹ̀. Owó tí a fi dín lórí àtẹ lè di ìlọ́po ní ilé ìwòsàn.
• Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé G6PD rẹ̀ kò tó, kí ó gba ìwé tí a kọ ọ́ sí, kí ó sì máa mú un rìn. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tí ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín Èjìgbò àti Abidjan. Kí a kọ ọ́ ní èdè Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí òṣìṣẹ́ ìlera ní ìhà méjèèjì lè kà á.
• Kí ó sọ fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, kí àwọn náà lè lọ ṣe àyẹ̀wò.
• Kí ó sọ ọ́ kí a tó kọ oògùn fún un, kódà bí a kò bá bi í.

Àìtó G6PD kò ní kí ènìyàn má ṣiṣẹ́, kí ó má bímọ tàbí kí ó má dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa fi ààrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyókù ara lè rí ọ́síjìn lò, ọ̀nà ààbò kan ṣoṣo ni ó sì ṣẹ́kù fún un. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọ̀nà yẹn tín-ín-rín nínú ẹ̀jẹ̀ òun lè gbé ní àlàáfíà, bí ó bá ti ń béèrè kí ó tó gbé oògùn mì.